Olóòtú, ẹ bá wa dá sọ́rọ̀ ara yíyí nínú fírísítáìlì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ sí abala eré ìdárayá nípa bí èèyàn ṣe lè túbọ̀ yára nínú fírísítáìlì, ìyẹn ìlúwẹ̀ẹ́ tí èèyàn ti máa ń dojú bolẹ̀, tó ń ju apá kan tẹ̀ lé ìkejì, inú mi dùn pé ẹ tiẹ̀ ráyè fún ìlúwẹ̀ẹ́ torí bọ́ọ̀lù ló sábà máa ń gba gbogbo ojú ìwé, àmọ́ láti òkè délẹ̀, apá ni ẹ ń sọ, apá tó lágbára, ẹsẹ̀ tó lágbára, irin gbígbé, kò síbì kankan tí ẹ ti mẹ́nu ba ara tó wà láàárín apá àti ẹsẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára gan-an. Mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìlúwẹ̀ẹ́, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀ àmọ́ tó máa ń rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu kí wọ́n tó dé òdìkejì púùlù, mo dẹ̀ lè sọ fún yín pé lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe agbára ló kù. Ara ò yí ni. Wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja lórí omi, wọ́n wá ń fi apá nìkan bá omi jà.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Ẹni tó bá mọ fírísítáìlì wẹ̀ dáadáa kì í dojú àyà kọ ìsàlẹ̀ púùlù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá wọ omi tó ń nà lọ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún á rì wọlẹ̀ díẹ̀, èjìká òsì àti ìbàdí òsì á yọ sókè, tó bá wá kan ọwọ́ òsì láti nà, ara á tún yí padà sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Bó ṣe máa máa lọ nìyẹn, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Orí nìkan ni ò ní bá wọn yí àfi tí èèyàn bá fẹ́ mí. Ojú ń wo ìsàlẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn nà gbọọrọ, gbogbo ara ń yí lórí ẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lórí àgbékọ́, tòkètìsàlẹ̀ ló jọ ń lọ.

Ẹ lè dán an wò nínú ilé láìfọwọ́ kan omi. Ẹ dojú kọ ògiri, kí àyà yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ẹ wá gbé ìgúnpá kan sẹ́yìn kó sì ga bí ìgbà téèyàn fẹ́ yọ ọwọ́ kúrò nínú omi, ẹ má jẹ́ kí àyà yín yà kúrò lára ògiri. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára pé ibì kan ń há nínú èjìká níbẹ̀ yẹn, ọwọ́ ò fẹ́ lọ mọ́. Ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ yẹn yà kúrò lára ògiri díẹ̀, ẹ tún ìgúnpá yẹn gbé. Wẹ́rẹ́ ló máa lọ. Nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú omi, ẹni tí ara ẹ̀ ò yí ń fi tipátipá gbé apá lókè omi ní gbogbo ìgbà tó bá jù ú.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Ká ní èèyàn ń wẹ nínú púùlù onímítà 25, tó ń ju apá ní ìgbà 20 kó tó dé òdìkejì, tó bá wẹ 2,000 mítà, ó ti la púùlù yẹn já ní ìgbà 80 nìyẹn, èjìká méjèèjì á sì ti pín 1,600 láàárín ara wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí gbogbo ẹ̀ bá ń há bíi ti ara ògiri yẹn ńkọ́? Ìdí nìyí tí èjìká fi máa ń dun àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ déédéé, tí wọ́n á máa fi yìnyín sí i, tí wọ́n á máa lo oògùn ìrora, tí wọ́n á tún padà sínú omi lọ wẹ bákan náà. Mi ò sọ pé ara yíyí ni oògùn gbogbo ìrora èjìká o, ẹni tí èjìká bá ń dùn kó lọ rí dókítà kọ́kọ́. Àmọ́ kí ẹ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó lọ máa gbé irin láìbi í bó ṣe ń wẹ̀, ìyẹn ò dáa.

Yàtọ̀ sí ti èjìká, apá tún máa ń gùn sí i. Téèyàn bá yí sí ẹ̀gbẹ́ tó ń nà, ọwọ́ á lọ jìnnà síwájú ju ti ẹni tí èjìká méjèèjì ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lọ, ìgbà tó bá sì tó àkókò láti wọ́ omi sẹ́yìn, kì í ṣe iṣan apá kékeré nìkan ló máa ṣiṣẹ́, iṣan ńlá ẹ̀yìn, èyí tó tẹ́ láti abẹ́ abíyá lọ sí ìbàdí, á wọlé sí i. Iṣan yẹn kì í tètè rẹ̀ bíi ti èjìká. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ẹnì kan tí apá ẹ̀ ò tóbi, tó ń wẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan, tó dẹ̀ ń fi ẹni tó taagun sílẹ̀ sẹ́yìn. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, agbára tí ò lọ síbi tó yẹ máa ń ṣòfò nínú ẹ̀ kíákíá ni.

Ti mímí ni mo fẹ́ kí ẹ fún ní àyè jù, torí ibẹ̀ ni wàhálà ọ̀pọ̀ èèyàn wà. Ẹni tí ara ẹ̀ ò yí, tó bá fẹ́ mí, ṣe ló máa gbé orí sókè. Bí orí bá ti lọ sókè báyìí, ìbàdí àti ẹsẹ̀ á lọ sílẹ̀, ó di pé kó máa wọ́ ara tó dagẹ̀rẹ̀ rìn nínú omi, á wá fi ọwọ́ tó wà níwájú tẹ omi mọ́lẹ̀ kí orí má bàa rì, ọwọ́ yẹn ló dẹ̀ yẹ kó máa múra láti wọ́ omi sẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀ dàrú. Ẹni tí ara ẹ̀ ń yí ò ní nílò kó gbé orí rárá, ara fúnra ẹ̀ ti gbé e dé ẹ̀bá afẹ́fẹ́, díẹ̀ ló kù kó yí ọrùn. Bí orí bá sì ti ń la omi lọ, omi máa ń ga díẹ̀ níwájú ẹ̀, á wá lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kòtò kékeré kan á wà níbẹ̀. Inú kòtò yẹn lẹnu ti ń mí. Léńsì gọ́gùùsì (awò ìlúwẹ̀ẹ́) kan wà nínú omi, ìkejì wà lókè, ẹnu yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ó ti mí tán, orí ti padà sísàlẹ̀ kí ọwọ́ tó wà lókè tó wọ omi. Èémí tó wà nínú, inú omi ló ti máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ kó má bàa jẹ́ pé ìgbà tẹ́nu bá yọ síta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mí sóde kó tó mí sínú, àyè ẹ̀ ò sí.

Kí èèyàn máa gbé orí sókè kì í ṣe nǹkan tuntun o. Nígbà tí òlúwẹ̀ẹ́ ará Amẹ́ríkà kan, Johnny Weissmuller, kọ́kọ́ wẹ 100 mítà kó tó pé ìṣẹ́jú kan lọ́dún 1922, ìṣẹ́jú àáyá 58.6 ló lò, ṣe ló gbé orí àti àyà sókè lórí omi, ọ̀pọ̀ èèyàn fi bẹ́ẹ̀ gbà pé béèyàn ṣe ń wẹ̀ nìyẹn. Alágbára ńlá ni, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn, àmọ́ báwọn tó ń sáré jù lónìí ṣe ń wẹ̀ kọ́ nìyẹn. Nígbà tó yá ni kóòṣì ará Amẹ́ríkà kan, James Counsilman, òun náà ló kọ́ Mark Spitz tó gba góòlù 7 ní Òlíńpíìkì Munich lọ́dún 1972, bẹ̀rẹ̀ sí gbé kámẹ́rà sábẹ́ omi láti wo ohun tí àwọn òlúwẹ̀ẹ́ ń ṣe gan-an yàtọ̀ sí ohun tí àwọn fúnra wọn rò pé àwọn ń ṣe. Ibi tí mò ń bá lọ ni pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara èèyàn lábẹ́ omi, ojú tó wà létí púùlù ò lè rí i tán.

Ó wá di ọ̀rọ̀ pé báwo ni ká ṣe yí tó. Ibí yìí ni àwọn kóòṣì kan ti ń ba nǹkan jẹ́, wọ́n á gbọ́ pé ara yíyí dáa, wọ́n á ní kí èèyàn yí pátápátá kó fi ẹ̀gbẹ́ dúró ṣánṣán bí i 90 dìgírì. Rárá o. Láàárín 30 sí 45 dìgírì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ń wá, nígbà tí wọ́n dẹ̀ wọn àwọn tó mọ̀ ọ́n jù, wọ́n rí i pé èjìká máa ń yí ju ìbàdí lọ, kì í ṣe iye kan náà. Tí eré bá wá le, bíi ti 50 mítà, ìbàdí máa ń dín yíyí tiẹ̀ kù torí ẹsẹ̀ ń jù kíkankíkan, apá ń yára, kò sí àyè láti máa yí lọ yí bọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá yí jù, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹsẹ̀ á la sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan á lọ sọ́tùn-ún, ìkejì á lọ sósì, torí ara ń wá ohun tó máa fi dúró kó má dojú dé. Lójú tèmi, ẹni tó yí jù àti ẹni tí ò yí rárá, ọgbọọgba ni wọ́n, àwọn méjèèjì ló nílò àtúnṣe.

Ohun tó tún yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀ ni ibi tí yíyí náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá kàn sọ fún èèyàn pé kó yí èjìká, èjìká nìkan ló máa yí, ìbàdí á dúró síbi tó wà, ara á wá lọ́ láàárín, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì. Èmi kì í sọ̀rọ̀ èjìká fún wọn rárá, ìdodo ni mo máa ń sọ. Mo máa ń ní kí ìdodo wọn wo ògiri ọ̀tún díẹ̀, kó tún wo ògiri òsì díẹ̀. Ìbàdí á lọ, èjìká á tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé wọ́n ń ronú sí i. Bí ọwọ́ tó wà níwájú bá sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ omi lara gbọ́dọ̀ máa yí, kó má jẹ́ pé ọwọ́ ti wọ́ tán kí ìbàdí tó rántí pé iṣẹ́ wà. Ẹsẹ̀ náà ń ràn án lọ́wọ́, bí ọwọ́ ọ̀tún bá ń wọ omi, ẹsẹ̀ òsì ló máa ń ju sísàlẹ̀, ìyẹn ló ń ti ìbàdí òsì sókè.

Báwo lẹnì kan ṣe máa kọ́ ọ? Ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ béèyàn ṣe ń dúró lórí omi. Mo gbàgbọ́ nínú èyí ju gbogbo nǹkan yòókù lọ. Apá kan nà síwájú, ìkejì wà lẹ́bàá itan, èèyàn fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí omi, àmọ́ kó má dúró ṣánṣán, kí àyà ṣì máa wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, ojú ń wo ìsàlẹ̀ púùlù, ẹsẹ̀ ń jù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tó bá fẹ́ mí, kó yí orí sókè, kó mí, kó dá orí padà. Kò gbọ́dọ̀ gbé e. Àgbàlagbà kan wà lára àwọn tí mò ń kọ́, màmá tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti ìgbà èwe, tó jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mí, ọwọ́ iwájú á tẹ omi wọlẹ̀ gbì, ìfóòfó omi á bo gbogbo apá ẹ̀, ẹ máa rí i pé ìka ẹ̀ ń wo ìsàlẹ̀ púùlù kó tó mí tán. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí sùn lé apá yín bí ẹni tó fẹ́ sùn, ẹ má ṣe nǹkan kan ju kí ẹ ju ẹsẹ̀ lọ." Ó kọ́kọ́ ń rì, mo bá wá fíìnsì fún un, àwọn bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ nínú omi, torí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá gbé e, ìbẹ̀rù rírì ló máa gba gbogbo ọkàn ẹ̀, kò sí ohun tó máa kọ́. Bí etí ẹ̀ ṣe balẹ̀ sórí apá báyìí, ọwọ́ iwájú dúró jẹ́ẹ́, ìka nà síwájú, kò sí ìfóòfó kankan mọ́. Nígbà tó débi ògiri, ohun tó sọ ni pé, "Kóòṣì, ṣé bó ṣe rọrùn tó báyìí náà ni?"

Tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti balẹ̀, kí wọ́n wá máa yí láti ọ̀kan bọ́ sí ìkejì. Ju ẹsẹ̀ ní ìgbà 6 lórí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ju apá ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ara yí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ju ẹsẹ̀ ní ìgbà 6 níbẹ̀ náà, tún padà. Tí ìyẹn bá ti mọ́ra, kí wọ́n máa ju apá ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ẹsẹ̀ 6 ti ẹ̀gbẹ́ kan àti ẹsẹ̀ 6 ti ìkejì, díẹ̀díẹ̀ ó ti ń di fírísítáìlì gidi nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ìgbà tó dé. Òmíràn tún wà tí mo fẹ́ràn, kí wọ́n máa wẹ pẹ̀lú apá kan, kí apá kejì wà lẹ́bàá itan ní gbogbo àsìkò yẹn, kí wọ́n sì máa mí sí ẹ̀gbẹ́ apá tó ń sinmi, kì í ṣe èyí tó ń ṣiṣẹ́. Èyí le o, ẹni tí ìbàdí ẹ̀ ò yí ò lè rí afẹ́fẹ́ kankan mí níbẹ̀, irọ́ ò sí nínú ẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ mímí ń dà láàmú lè lo ọ̀pá ìmí tó máa ń wà níwájú orí fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè gbájú mọ́ yíyí nìkan, kí wọ́n má kàn sọ ọ́ di bárakú. Kí wọ́n sì máa ṣe é jẹ́jẹ́, ẹni tó bá ń kánjú á padà sórí apá jíjù lásán.

Ẹnì kan lè ní ṣé dandan ni kó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì? Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ó dáa kó máa mí lẹ́yìn apá mẹ́ta mẹ́ta kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè mọ yíyí, torí ẹni tó ń mí sí ẹ̀gbẹ́ kan nìkan sábà máa ń yí síbẹ̀ dáadáa kó wá tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìkejì. Àmọ́ kò sí òfin tó de ẹnikẹ́ni. Katie Ledecky tó gba góòlù 800 mítà ní Òlíńpíìkì mẹ́rin léraléra, láti ti London 2012 títí dé ti Paris 2024, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló sábà máa ń mí sí, ẹ ó dẹ̀ rí i pé ara ẹ̀ kì í yí dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kan máa ń pẹ́ ju ìkejì lọ, bí ẹni ń gẹṣin. Ó bá a lára mu, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Kí ẹni tí ò tíì lè fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀ lórí omi má lọ máa wo fídíò ẹ̀ kó ní òun fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń bá àwọn èèyàn jà lé lórí, ọwọ́ tó ń sọdá. Bí ara bá ń yí, ọwọ́ tó ń wọ omi máa ń fẹ́ lọ dábùú iwájú orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ìbàdí á wá sá gba ọ̀nà òdìkejì, èèyàn á máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ nínú omi. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ omi níwájú èjìká tiẹ̀. Kí ọ̀tún dúró lọ́tùn-ún, kí òsì dúró lósì, ara tó wà láàárín ni kó máa yí.

Olóòtú, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ kọ nípa ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yéé lo àwòrán tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ nìkan, èyí tó jẹ́ pé apá tó gbé sókè àti omi tó ń ta ló máa ń hàn níbẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́, èèyàn ò lè mọ̀ bóyá ara ń yí. Ẹ wá àwòrán tí wọ́n yà láti iwájú, kí èèyàn lè rí èjìká kan nísàlẹ̀, ìkejì lókè, kí orí sì dúró láàárín wọn láìmì. Tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ méjì, ẹnì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnì kan tó yí dáadáa, kí ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn tó ń kọ́ ara wọn láìsí kóòṣì, tó jẹ́ pé ìwé yín ni wọ́n ń kà, wọ́n pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, wọ́n dẹ̀ ń gbà gbọ́ pé ara àwọn ni ò lágbára. Tí ẹ bá rí àwòrán náà, mo ṣe tán láti bá yín kọ àlàyé tó máa wà lábẹ́ ẹ̀, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Kóòṣì ìlúwẹ̀ẹ́ kan, òǹkàwé yín